Jíìnì Agbára inú Mitokọ́ńdíríà gẹ́gẹ́ bí Ẹlẹ́rìí Ìran: Àgbéyẹ̀wò Kòkòrò Ajẹgbàdo Tuntun ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Agbègbè Rẹ̀

1. Ìfáàrà

Ní ìparí oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2016, àwọn olùwádìí ṣàkíyèsí ìdin àjèjì kan lórí àgbàdo ní agbègbè igbó kìjikìji ti ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, àti ní oko àgbàdo tí International Institute of Tropical Agriculture (IITA) dá sí Ìbàdàn àti Ìkẹ́nnẹ́. Ìkẹ́nnẹ́ wà ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà tí ilẹ̀ Ẹ̀gbá wà. Kí ọdún náà tó parí, Georg Goergen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tẹ àbọ̀ ìwádìí wọn jáde. Wọ́n fi hàn pé Spodoptera frugiperda ni kòkòrò náà, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí kò tí ì fìdí kalẹ̀ ní Áfíríkà rí.

Ojú nìkan kọ́ ni wọ́n fi dá kòkòrò yìí mọ̀. Wọ́n tún ka jíìnì kan lára rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn jíìnì tí ń darí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń sọ oúnjẹ di agbára. Ohun mẹ́ta ni pépà yìí fẹ́ ṣe. Èkíní ni láti ṣàlàyé irú jíìnì tí ó jẹ́ àti ibi tí ó wà. Èkejì ni láti fi ti kòkòrò kan wé ti òmíràn, kí ó lè hàn gbangba ìdí tí jíìnì agbára fi lè jẹ́rìí sí ìran. Ẹ̀kẹta ni láti fi ibi tí ẹ̀rí náà dé hàn, àti ibi tí kò dé. Nítorí ẹni tí ó bá gba ẹ̀rí jíìnì kan ṣoṣo gbọ́ lórí kòkòrò yìí lè kìlọ̀ fún àgbẹ̀ nípa ewu tí kò sí, kí ó sì dákẹ́ nípa èyí tí ó wà.

Ìlú Wásinmi ni pépà yìí yóò máa tọ́ka sí. Wásinmi wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ewékorò, ní ojú ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ẹkùn náà, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ jẹ́ pàtàkì nínú ohun ọ̀gbìn ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gbin àgbàdo lọ́dún: ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láàrin oṣù Ẹrẹ́nà àti oṣù Igbe, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní nǹkan bí oṣù Ògún. Ètò yìí ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀, nítorí kòkòrò náà kì í ní àkókò oorun nínú ọdún. Bí ojú ọjọ́ bá móoru, nǹkan bí 30 ọjọ́ ni ẹyin rẹ̀ fi ń di àfòpiná tí yóò tún yé ẹyin. Níbi tí àgbàdo bá ti ń tẹ̀ lé àgbàdo, kò sí ohun tí yóò dá a dúró.

2. Ilé agbára inú sẹ́ẹ̀lì

Nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn àti ti kòkòrò, àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ kan wà tí orúkọ wọn ń jẹ́ mitokọ́ńdíríà. Bí ènìyàn bá pè wọ́n ní ilé agbára, kò ṣì wọ́n pè, nítorí ibẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbára tí ara ń ná ti ń wá. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Nígbà tí oúnjẹ bá ti tú palẹ̀ nínú ara, èlẹ́kítírọ́ọ̀nù a máa jáde láti inú rẹ̀. Ẹgbẹ́ purotéènì mẹ́rin ni ó wà lórí awọ inú mitokọ́ńdíríà láti gbà á. Ẹgbẹ́ kìn-ín-ní àti ìkejì ni ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀kẹta a gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀kẹrin a sì fi í lé ọ́ksíjìn lọ́wọ́, omi a sì tibẹ̀ jáde. Bí lébìrà ṣe ń gba búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́ ara wọn láti ìsàlẹ̀ dé orí àjà ni iṣẹ́ náà rí: bí ẹnìkan bá dá ọwọ́ dúró, gbogbo iṣẹ́ dúró.

Bí èlẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń kọjá, ẹgbẹ́ kìn-ín-ní, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin a máa fa pùrótọ́ọ̀nù lọ sí apá kejì awọ náà. Níbẹ̀ ni yóò ti kún bí omi tí a sé. Ọ̀nà kan ni ó rọrùn fún un láti padà, inú ẹgbẹ́ karùn-ún; bí ó bá sì ti ń kọjá níbẹ̀ ni ó ń yí ẹ̀rọ tí ń ṣe ATP, gẹ́gẹ́ bí omi ṣe ń yí ẹ̀rọ iná ní ìsédò Kàìnjì. ATP yìí ni owó tí ara ń ná. Iṣan ìyẹ́ kòkòrò wà lára àwọn ẹ̀yà ara tí ń ná an jù lọ láàrin gbogbo ẹ̀dá, bẹ́ẹ̀ àfòpiná S. frugiperda lè fò tó 100 kìlómítà ní òru kan.

Mitokọ́ńdíríà ní DNA tirẹ̀, tí ó yàtọ̀ sí èyí tí ó wà nínú kókó sẹ́ẹ̀lì. Lára kòkòrò, DNA yìí sábà máa ń jẹ́ òrùka kan, jíìnì 37 ni ó sì sábà wà lórí rẹ̀. Nínú wọn, 22 jẹ́ ti tRNA, 2 jẹ́ ti rRNA, 13 tí ó kù sì ń pèsè purotéènì. Gbogbo àwọn 13 yìí, láìku ọ̀kan, ló jẹ́ ti iṣẹ́ agbára: 7 wà fún ẹgbẹ́ kìn-ín-ní, 1 fún ẹ̀kẹta, 3 fún ẹ̀kẹrin, 2 fún ẹ̀karùn-ún. Ẹgbẹ́ kejì kò ní ìkankan níbẹ̀. Gbogbo purotéènì yòókù tí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí nílò, inú DNA kókó sẹ́ẹ̀lì ni àṣẹ wọn ti ń wá. Èyí já sí pé ilé ìwé-àṣẹ méjì ni ó ń bójú tó iṣẹ́ kan ṣoṣo, ó sì di dandan kí àwọn méjèèjì bára wọn mu.

Ohun kan tún wà tí ó ya DNA méjèèjì sọ́tọ̀. Ọ̀dọ̀ baba àti ìyá ni ẹ̀dá ti ń jogún DNA kókó sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀dá ti ń jogún ti mitokọ́ńdíríà. Ẹni tí ó bá mọ bí wọ́n ṣe ń pín ogún ní ìdí-igi nínú agbo ilé olórogún yóò lóye rẹ̀ kíákíá: baba kan lè ni gbogbo ilé, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá ni ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ti yà. DNA mitokọ́ńdíríà kò mọ̀ ju ìdí-igi lọ. Kókó yìí ni gbogbo ohun tí ó kù nínú pépà yìí dúró lé.

3. Ohun tí àfiwé àwọn kòkòrò fi hàn

Ní 1985 ni Clary àti Wolstenholme tẹ DNA mitokọ́ńdíríà eṣinṣin èso ilẹ̀ Áfíríkà kan, Drosophila yakuba, jáde ní kíkún. Lẹ́tà 16,019 ni ó jẹ́. Ní 1993, ti ẹ̀fọn Anopheles gambiae, tí ń gbé ibà kiri, jáde pẹ̀lú lẹ́tà 15,363. Ọdún yẹn kan náà ni ti oyin Apis mellifera jáde pẹ̀lú lẹ́tà 16,343. Láti ìgbà náà ni iye kòkòrò tí wọ́n ti ka tiwọn ti ń pọ̀ sí i, ohun mẹ́ta sì ti hàn kedere láti inú fífi wọ́n wéra.

Èkíní, iṣẹ́ kò yí padà. Jíìnì agbára 13 kan náà ni eṣinṣin ní, òun náà ni ẹ̀fọn ní, òun náà ni oyin àti àfòpiná ní. Kódà òun náà ni ènìyàn ní. Ohun tí ó bá dúró bẹ́ẹ̀ lára ẹ̀dá tí ó ti pínyà láti ọdún àìmọye, ìwàláàyè kò lè ṣe aláìní in.

Èkejì, ètò lè yí padà. Lára eṣinṣin èso, jíìnì mẹ́ta kan tí ó jẹ́ ti tRNA tò bí I, Q, M. Lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ labalábá àti àfòpiná, M ti ṣí lọ síwájú, ètò náà sì di M, I, Q. Àmì ìdílé ni irú ìyípadà bẹ́ẹ̀, nítorí ó ṣòro kí ìdílé méjì kàn ṣàdédé bá ara wọn níbẹ̀. Èyí tí ó yani lẹ́nu jù ni ti iná ara ènìyàn. Ní 2009, Shao àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé òrùka kan ṣoṣo kọ́ ni kòkòrò náà ní, 18 òrùka kéékèèké ni, jíìnì rẹ̀ sì pín sórí wọn.

Ẹ̀kẹta, lẹ́tà inú jíìnì ń yí padà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi gbogbo. Lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta ni sẹ́ẹ̀lì fi ń ka àṣẹ jíìnì. Bí lẹ́tà ìkẹta bá yí padà, lọ́pọ̀ ìgbà ìtumọ̀ kì í yí, nítorí náà ìyípadà irú èyí kì í pa ẹ̀dá lára, ó sì ń kó jọ láti ìran dé ìran. Bí ìtumọ̀ bá yí tí iṣẹ́ agbára sì bàjẹ́, ẹni tí ó ni ín kì í sábà pẹ́ láyé débi tí yóò fi bímọ. Jíìnì agbára wá di ohun tí ó dúró tó láti ṣe é fi wéra, tí ó sì ń yí tó láti fi ìyàtọ̀ hàn.

Àfiwé náà kò mọ sórí DNA mitokọ́ńdíríà. Nígbà tí jínóòmù Drosophila melanogaster ti jáde ní 2000, tí ti Anopheles gambiae sì tẹ̀ lé e ní 2002, ó ṣe é ṣe láti wá àwọn jíìnì agbára tí ó wà ní kókó sẹ́ẹ̀lì. Àfiwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005 láàrin eṣinṣin èso méjì àti ẹ̀fọn yìí fi hàn pé àwọn kan nínú jíìnì wọ̀nyí ti di méjì, àti pé èyí tí ó jẹ́ ẹ̀dà sábà máa ń ṣiṣẹ́ nínú kórópọ̀n akọ. Nípa bẹ́ẹ̀, apá tí ó jẹ́ ti kókó sẹ́ẹ̀lì náà ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà kò sì di dandan kí ó bá ti mitokọ́ńdíríà dọ́gba.

4. COI àti kòkòrò ajẹgbàdo

Láàrin àwọn 13, COI ni ó lókìkí jù. Òun ni ó ń pèsè purotéènì pàtàkì inú ẹgbẹ́ kẹrin, ibi tí ọ́ksíjìn ti ń gba èlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ní 2003, Paul Hebert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà dábàá pé kí a máa fi apá kan COI, tí ó jẹ́ nǹkan bí lẹ́tà 650, ṣe àmì ìdánimọ̀ fún ẹranko gbogbo.

Ìwúlò àbá yìí fara hàn ní 2016. Ìdin S. frugiperda tí ó ti dàgbà ní àmì tí ó ṣe é fi ojú rí: ìlà kan ní iwájú orí tí ó dà bí lẹ́tà Y tí a dorí rẹ̀ kodò, àti àmì dúdú mẹ́rin tí ó to igun mẹ́rin nítòsí ìdí. Ṣùgbọ́n ìdin kékeré kò tí ì ní àmì tí ó hàn tó bẹ́ẹ̀, oko àgbàdo ilẹ̀ Yorùbá sì ti ní àwọn ìdin mìíràn tẹ́lẹ̀, irú bí Sesamia calamistis àti Eldana saccharina tí ń gbẹ́ inú pòpòrò. COI kò bìkítà fún ọjọ́ orí. Ẹyin, ìdin àti àfòpiná, bákan náà ni yóò kà.

Kíkà náà tún sọ ohun mìíràn. Láti 1986 ni Dorothy Pashley ti fi hàn pé oríṣi méjì ni kòkòrò yìí ní Amẹ́ríkà, tí ojú kò lè dá yà sọ́tọ̀. Ọ̀kan fẹ́ràn àgbàdo àti ọkà bàbà. Pépà yìí yóò pè é ní ìran-alágbàdo. Èkejì ni a sábà ń rí lórí ìrẹsì àti koríko. Ìran-onírẹsì ni yóò máa jẹ́. COI wọn fi nǹkan bí méjì nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ síra. Lára àwọn tí wọ́n kó lórí àgbàdo ní Nàìjíríà àti São Tomé, Goergen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ó kéré tán oríṣi COI méjì. Wọ́n sọ pé èyí tọ́ka sí i pé kòkòrò náà wọ Áfíríkà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ìtumọ̀ yìí bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n àwọn oríṣi COI méjì náà nìkan kò tó láti fi múlẹ̀. Ẹrù kan ṣoṣo lè gbé ọmọ ìyá méjì wọ̀lú, bí wọ́n bá ti jọ wà ní ibi tí ẹrù náà ti wá. Láti mọ èyí tí ó jẹ́ òótọ́, ó di dandan láti bi ẹlẹ́rìí mìíràn.

5. Ẹlẹ́rìí méjì tí ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹlẹ́rìí kejì tí àwọn olùwádìí pè ni jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní Tpi. Jíìnì agbára ni òun náà, nítorí pé ó wà lára iṣẹ́ títú ṣúgà kí ọ̀rọ̀ tó dé mitokọ́ńdíríà. Ṣùgbọ́n kókó sẹ́ẹ̀lì ni ó ń gbé, lórí kúrómósómù Z tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú èyí tí ń pinnu akọ àti abo.

Rod Nagoshi, Georg Goergen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi àwọn jíìnì méjèèjì yẹ kòkòrò Áfíríkà wò, wọ́n sì tẹ àbọ̀ náà jáde ní 2017 àti 2018. Ọ̀pọ̀ kòkòrò tí wọ́n kó lórí àgbàdo ní COI ti ìran-onírẹsì, ṣùgbọ́n Tpi wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti ìran-alágbàdo tán. Báwo ni kòkòrò kan ṣe lè jẹ́ méjèèjì?

Ìdáhùn wà nínú bí ogún ṣe ń pín. Akọ àfòpiná ní Z méjì. Abo ní Z kan àti W kan. Abo ń gba W lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì ń gba Z lọ́wọ́ baba rẹ̀. Jẹ́ kí abo onírẹsì kan gun akọ alágbàdo. Ọmọbìnrin wọn yóò ní COI ti ìyá, ti onírẹsì. Z kan ṣoṣo tí ó ní yóò sì jẹ́ ti baba, ti alágbàdo. Bí ọmọbìnrin yìí bá tún gun akọ alágbàdo, Z tí yóò fún àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ jẹ́ ti alágbàdo, Z tí baba wọn fún wọn náà jẹ́ ti alágbàdo. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ sì gba ti baba nìkan. Ní ìran kejì péré, gbogbo àwọn ọmọ-ọmọ ti di alágbàdo pátápátá ní ti Tpi, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn, akọ àti abo, ṣì ń gbé COI ìyá àgbà wọn kiri. Ẹlẹ́rìí méjèèjì kò purọ́. COI ń sọ ìdí-igi; Tpi sì ń sọ ẹni tí àwọn baba jẹ́.

Nígbà tí wọ́n wá ka jínóòmù odindi, ọ̀rọ̀ túbọ̀ yé. Iṣẹ́ tí Wee Tek Tay jẹ́ aṣáájú rẹ̀, tí ó jáde ní 2022, fi hàn pé ìwọlé kòkòrò náà sí Áfíríkà, Éṣíà àti Ọsirélíà díjú ju ìrìn àjò kan láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sí ìlà-oòrùn lọ. Àbá ìwọlé ọ̀pọ̀ ìgbà wá ní ẹsẹ̀ tí ó lágbára ju oríṣi COI méjì lọ.

6. Ìwúlò rẹ̀ fún àgbẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti yàrá ìwádìí nìkan. Ní 2017, àjọ CABI ṣírò rẹ̀ pé bí kò bá sí ìdènà, orílẹ̀-èdè Áfíríkà 12 lè pàdánù láàrin mílíọ̀nù 8.3 àti 20.6 tọ́ọ̀nù àgbàdo lọ́dún. Ẹ̀kọ, ògì àti oúnjẹ adìyẹ ni iye yẹn ń bá wí.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ti ìrẹsì. Ìrẹsì Ọ̀fàdà, tí ó gba orúkọ rẹ̀ láti ìlú Ọ̀fàdà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, kò jìnnà sí Wásinmi. Bí ó bá jẹ́ pé COI nìkan ni ẹ̀rí, àwọn olùkìlọ̀ ìbá ti máa sọ fún alóko ìrẹsì pé ọ̀tá ti dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n orí àgbàdo àti ọkà bàbà ni ìyọnu kòkòrò náà ti pọ̀ jù ní Áfíríkà, gẹ́gẹ́ bí Tpi ti wí. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ọ̀pọ̀ jù nínú ìyàtọ̀ COI wà ní lẹ́tà tí kò yí ìtumọ̀ padà. Ẹ̀rí ìran ni COI; òun kọ́ ni ó ń sọ fún ìdin pé kí ó jẹ ìrẹsì.

Ìbéèrè kejì ni ti òògùn àti irúgbìn. Ní Puerto Rico, S. frugiperda ti borí májèlé Cry1F tí a ti ara baktéríà Bacillus thuringiensis mú wọ inú àgbàdo. COI kòkòrò Tógò sì bá ti àwọn erékùṣù Karíbíánì àti ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà mu. Ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ yóò sọ pé àìgbóòògùn náà ti bá wọn wọ̀lú. Ṣùgbọ́n inú kókó sẹ́ẹ̀lì ni àmì àìgbóòògùn yẹn wà, nígbà tí wọ́n sì wá a lára kòkòrò Tógò ní 2017, wọn kò rí i. Nàìjíríà kéde ìfọwọ́sí àgbàdo TELA, tí ó ní jíìnì baktéríà kan náà yìí, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024. Jíìnì kókó sẹ́ẹ̀lì ni ó yẹ kí ìṣọ́ àìgbóòògùn máa yẹ̀ wò lọ́dọọdún. COI kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ìbéèrè kẹta kan ẹ̀rọ agbára fúnra rẹ̀. Àwọn òògùn kan ń pa kòkòrò nípa bíba iṣẹ́ mitokọ́ńdíríà jẹ́. Chlorfenapyr, tí ń jẹ́ kí pùrótọ́ọ̀nù tí a sé máa jò padà láìṣe ATP, jẹ́ ọ̀kan. Àwọ̀n ẹ̀fọn tí a fi í sí dín ibà kù nínú ìwádìí tí Olómìnira Benin ṣe, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2023. Ọdún yẹn ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí apá kẹta pépà yìí fi hàn kò gbọdọ̀ di ìgbàgbé: ẹ̀rọ kan náà ni ó wà lára oyin àti lára ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ ìfúnkòkòrò kọ́ ẹ̀yìn. Òògùn tí ń kọlu ibi tí gbogbo ẹ̀dá ti jọra kò ṣe é fún láìbo imú àti ọwọ́, kò sì yẹ ní àkókò tí oyin bá ń jẹ lórí òdòdó.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Agbọ́n kékeré kan, Telenomus remus, a máa yé ẹyin tirẹ̀ sínú ẹyin S. frugiperda, ìdin kò sì ní jáde níbẹ̀ mọ́. Ní 2019, Marc Kenis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé ó ti wà ní Áfíríkà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dìídì mú un wá, Olómìnira Benin sì wà lára ibi tí wọ́n ti rí i. Agbọ́n náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi lè dá a mọ̀ dájú. COI wà lára ohun tí wọ́n fi jẹ́rìí sí i. Jíìnì tí ó tú àṣírí ọ̀tá ni ó tún tọ́ka sí olùrànlọ́wọ́.

7. Ìkádìí

Pépà yìí ti ṣàlàyé pé jíìnì agbára inú mitokọ́ńdíríà jọra lára kòkòrò gbogbo nítorí pé iṣẹ́ wọn kò gba àṣìṣe, wọ́n sì yàtọ̀ níwọ̀n tí ó tó láti dá ìran mọ̀ nítorí pé ìyípadà kan wà tí kò pa iṣẹ́ lára. COI jẹ́ ẹlẹ́rìí rere lórí irú ẹ̀dá tí kòkòrò jẹ́ àti ìyá tí ó bí i. Kò lè jẹ́rìí sí ohun tí kòkòrò ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò lè jẹ́rìí sí òògùn tí ó lè pa á.

Ohun tí ó tẹ̀ lé èyí fún ilẹ̀ Ẹ̀gbá ṣe kedere. Kí àyẹ̀wò kòkòrò oko láti Wásinmi dé Ìkẹ́nnẹ́ má ṣe dúró lórí COI nìkan. Kí ó máa so COI mọ́ Tpi, kí ó sì máa wá àmì àìgbóòògùn nínú kókó sẹ́ẹ̀lì. Kí wọ́n máa kó ìdin lórí àgbàdo ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ti oṣù Ògún, àti lórí ìrẹsì Ọ̀fàdà pẹ̀lú, kí àìsí kòkòrò lórí ìrẹsì lè jẹ́ ohun tí a wò tí a kò rí, kì í ṣe ohun tí a kò wò rárá. Bí ìran-onírẹsì tòótọ́ bá dé lọ́jọ́ kan, irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nìkan ni yóò jẹ́ kí wọ́n tètè mọ̀.